Adìyẹ Pupa Nínú Ilé Tí Bàbá Mi Ò Kọ́ Parí

Ohùn tó kọ́kọ́ máa ń jí wa ní agboolé wa ní Odìgbó kì í ṣe ti àkùkọ, ti ọkọ̀ gẹdú ni. Ní ìdájí, wọ́n á ti máa bọ̀ láti inú igbó, igi ńláńlá lẹ́yìn wọn, wọ́n á máa kérora gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti kọjá tán ni a óò máa gbọ́ ọ̀bẹ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bó ṣe ń ha èédú kúrò lára púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ rírẹ tó ti gbẹ lórí àjà iná, hárá, hárá, hárá, kó tó wá dà á sínú odó. Lẹ́yìn ọ̀bẹ ni ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ikọ́ Bàbá Olú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí agboolé. Bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nǹkan kan ti kún un. Bí ọkọ̀ gẹdú bá ti ń gun òkè, ìyá mi á dá ohun tó ń ṣe dúró. Bó bá jẹ́ abọ́ ló ń fọ̀, á dì í mú sínú omi. Bó bá jẹ́ irun mi ló ń dì, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí mi títí ìró ọkọ̀ náà á fi lọ pátápátá. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń wà. Lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, igi já lẹ́yìn ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì wọlé bá a níbi tó jókòó sí. Wọn ò jẹ́ kí àwa ọmọ rí òkú rẹ̀.

Àkókò tí owó epo ń ṣàn káàkiri ni. Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé láti ìlú òkèèrè, ọ̀nà márosẹ̀ sì ti sọ Ọ̀rẹ̀ di ibi tí gbogbo bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Ẹni tó ń lọ sí Èkó, ẹni tó ń lọ sí Ìbíní, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀lú ebi àti ìkánjú. Ẹyin sísè ni ìyá mi ń tà fún wọn, nínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó fi aṣọ funfun bò, iyọ̀ àti ata gígún nínú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti Ìbàdàn ni ọkọ̀ ti ń kó ẹyin náà wá. Ọjọ́ mìíràn wà tí ìdajì rẹ̀ á ti fọ́ kó tó dé. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bó bá sè é tán, tó bó ẹyọ kan wò, òórùn rẹ̀ á lé gbogbo wa jáde ní ilé ìdáná. Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó jẹ́ tíṣà ni ìjọba gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó mú un dání, ibẹ̀ ló sì ti pàdé bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n náà ti kú kí n tó gbọ́njú. Nítorí náà, kò ní ẹnikẹ́ni ní Odìgbó bí kò ṣe èmi àti Dàpọ̀, àbúrò mi, àti àwọn ẹbí tí bàbá mi fi í sílẹ̀ fún.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ adìyẹ, púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó là ń jẹ, ọbẹ̀ dúdú tí Ìyá Àgbà máa ń sè fún ẹni tí ara rẹ̀ ò bá le. Ó ní kí ìyá mi jẹ ẹ́ torí pé ó ti ń rù. Èdè Ìkálẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń sọ, èmi ni mo ń yí i sí èyí tí gbogbo èèyàn á gbọ́. Ìyá mi tọ́ oúnjẹ náà wò díẹ̀, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ máa sin adìyẹ." Ìyá Àgbà ní, "Ṣé adìyẹ ò sí nínú agboolé yìí ni?" Ìyá mi ní, "Kì í ṣe èyí tó ń rìn kiri. Ẹlẹ́yin ni. Mo fẹ́ kí ẹyin tí mò ń tà jẹ́ èyí tí mo mọ ọjọ́ tí wọ́n yé e." Ìyá Àgbà gbé òkèlè mì kó tó fèsì. Ó ní, "Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Aṣọ ọ̀fọ̀ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ìyàwó mi. Sinmi ná." Ìyá mi ní, "Bí mo bá sinmi, Màmá, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ yìí?" Ìyá Àgbà tún bu ọbẹ̀ sí abọ́ rẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí ju bí ìyá mi ṣe wà nígbà yẹn lọ, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn wà, àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Bàbá Olú ti rán àwọn àgbà sí ìyá mi pé òun fẹ́ ṣú u lópó. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bọ́ aṣọ dúdú ná. Ó ti wá bọ́ ọ. Ohun tó ń wá ni iṣẹ́ tí á lè fi bọ́ wa kí wọ́n tó padà wá gbọ́ èsì.

Ní Ọ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin Èkìtì kan wà nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba, Agíríkì ni gbogbo ayé ń pè é. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sì bá ìyá mi yí agboolé po, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi kọ́kọ́ mú un lọ sí àká kòkó tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Agíríkì yọjú wo inú rẹ̀, ó ní òkùnkùn ibẹ̀ pọ̀ jù, atẹ́gùn ò wọlé, òórùn ìgbẹ́ àwọn adìyẹ fúnra wọn á máa ta wọ́n lójú, wọ́n á máa sín. Ìyá mi mú un lọ sí ẹ̀bá odò, níbi tó ti fẹ́ fi ọparun ṣe é. Agíríkì fi bàtà tẹ ilẹ̀, omi rú jáde lábẹ́ bàtà náà. Ó ní, "Bí òjò bá dé, orí omi ni wọ́n á máa sùn. Ibi tó ga ni kẹ́ ẹ wá, Màmá Fúnmi. Kí ìhà tó gùn lára ilé náà má kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Kí ògiri ìhà méjèèjì tó gùn má ga ju ìbàdí lọ, kẹ́ ẹ wá fi nẹ́ẹ̀tì dí òkè rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba ibì kan wọlé kó gba ibì kejì jáde." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń wo àyíká, títí ojú rẹ̀ fi bà lé orí òkè kékeré tó wà ní ọwọ́ òsì agboolé. Ó ní, "Ta ló ni èyí?" Ìyá mi ní, "Ọkọ mi ló ni ín."

Ilé tí bàbá mi ń kọ́ ni. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ti ga dé òkè fèrèsé, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, koríko sì ti hù láàárín rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí bàbá mi kò bá lọ sí igbó, á mú wa wọ ibẹ̀, á máa nawọ́ sí afẹ́fẹ́. "Ibí ni ibùsùn ìyá yín yóò wà. Ibí ni ti ìwọ, Fúnmi, kí o lè máa rí ọ̀nà láti ojú fèrèsé. Dàpọ̀ á wà níhìn-ín títí tí á fi gbé ìyàwó." Á ní ká ṣọ́ra ká má rìn gba inú ògiri kọjá, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé a lè ṣe bẹ́ẹ̀, a ó sì máa rìn gba ojú ilẹ̀kùn tí kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ewúrẹ́.

Nígbà tí ìyá mi lọ bá Bàbá Olú sọ ọ́, mo wà níbẹ̀ torí pé èmi ni mo gbé omi fún un. Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ fi ilé bàbá àwọn ọmọ sin adìyẹ. N ò ní ba ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́." Mo rò pé á bínú. Kò bínú rárá. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó ní, "Ilẹ̀ bàbá wa ni. Ìyàwó wa ni ọ́. Ta ni yóò dí ọ lọ́wọ́?" Ìyá mi dúpẹ́ títí, ó dìde, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀ nígbà tí a jáde. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn sọ lọ́jọ́ náà ju bí mo ti ronú lórí ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Ó sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ó sọ ẹni tó ni ìyá mi, lẹ́yìn náà ló wá fún un láyè.

Inú Ìyá Àgbà ni kò dùn. "Ilé tí ọmọ mi kọ́ lẹ fẹ́ kí adìyẹ máa yàgbẹ́ sí?" Ìyá mi ní, "Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti máa jẹun, Màmá." Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà tó bá bàbá mi to búlọ́ọ̀kù náà, pé kó wá wó ògiri méjèèjì tó gùn títí dé ìbàdí. Ọkùnrin náà wá, ó gbé òòlù rẹ̀ dání, ó dúró síwájú ògiri yàrá tí ó yẹ kó jẹ́ tèmi, kò sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ẹ má bínú. Èmi àti ọkọ yín la jọ to èyí. Mi ò lè wó o lẹ́yìn rẹ̀." Ìyá mi ní, "Ẹ fún mi ní òòlù náà." Ó so ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri. Kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ekuru bo irun rẹ̀, bíríkìlà dúró, kò lè lọ, kò sì lè wò ó. Nígbà tó ṣe, Ìyá Àgbà jáde láti ilé ìdáná. Mo rò pé ó wá jà ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé búlọ́ọ̀kù tó fọ́ kan sáyà bí ẹni gbé ọmọ, ó lọ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó padà wá gbé òmíràn. Bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe wó ilé bàbá mi dé ìbàdí nìyẹn, ìyàwó ń lù ú, ìyá ń kó o.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà yá. Pákó wá láti sọ́mìlì, a sì fi ọ̀dà dúdú tó ń sun láti inú ilẹ̀ ní Àgbábù kun ẹsẹ̀ òpó kí ikán má jẹ ẹ́. Páànù gorí rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì yí i ká, a da lẹ̀búlẹ̀bú igi tí ayùn ń dà sílẹ̀ sí inú yàrá gbogbo títí ó fi bo ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ó wá ku irú adìyẹ tí a ó rà. Agíríkì jókòó sórí àpótí lójú agbàlá wa, ó ní, "Funfun máa ń yé ju pupa lọ, kì í sì í jẹun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó lójo. Bí nǹkan bá dún gbàmù, wọ́n á sá jọ sí igun kan, wọ́n á tẹ ara wọn pa. Pupa ò yé tó o, àmọ́ ara rẹ̀ balẹ̀, bó bá sì gbó, ẹran wà lára rẹ̀." Ìyá mi ní, "Ọkọ̀ gẹdú ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá." Agíríkì ní, "Ẹ mú pupa." Ìyá Àgbà, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ní òun fẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ kan. "Pupa yẹn, ṣé ó ń sàba?" Agíríkì ní kì í sàba. Ìyá Àgbà ní, "Adìyẹ tí kì í sàba, ta ló fẹ́ jẹ́ ìyá ọmọ rẹ̀? Tìbílẹ̀ ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ó mọ àṣá, ó mọ òjò, ó ti rí àìsàn kó tó rí èèyàn. Èyí tẹ́ ẹ ń sọ yìí, bí èèyàn bá gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó ti kú." Ìyá mi ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n tìbílẹ̀ á yé, á sàba, á tún tọ́mọ kó tó tún yé. Ẹni tó ń ta ẹyin ò lè dúró dè é." Àwọn méjèèjì ló jàre. Ohun tó máa ń dùn mí nìyẹn bí mo bá rántí ọdún náà: kò sí òmùgọ̀ kan nínú gbogbo wọn.

Àwọn adìyẹ pupa náà dé nínú àgò, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ń yé, torí Agíríkì ní bí a bá ra òròmọdìyẹ, a ó máa dáná fún wọn tọ̀sán-tòru. Ó ní abẹ́rẹ́ kan kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà, kò tíì dé láti Àkúrẹ́. Títí á fi dé, kí adìyẹ ìta kankan má bá wọn pàdé. Ìyá mi sọ èyí fún gbogbo agboolé. Iṣẹ́ èmi àti Dàpọ̀ ni láti pọn omi, láti fọ abọ́ omi wọn láàárọ̀, àti láti yí lẹ̀búlẹ̀bú igi náà padà kó má ṣe rin. A ní bàtà kan tí a máa ń wọ̀ bí a bá fẹ́ wọlé tọ̀ wọ́n, a ti lẹ ibi tó ti ya, ti bàbá mi ni. Mo máa ń jókòó sórí ògiri tí a wó, ní yàrá tó yẹ kó jẹ́ tèmi, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ráhùn lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí àwọn ìyá àgbà lójú ọjà tó ń tú. Ẹyin àkọ́kọ́ kéré, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyá mi sè é, ó fi òwú pín in sí wẹ́wẹ́, gbogbo wa jẹ nínú rẹ̀, títí kan Ìyá Àgbà. Láìpẹ́, ẹyin tirẹ̀ ló ń gbé lọ sí Ọ̀rẹ̀, àwọn dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì sì ti ń ké sí i pé kí obìnrin ẹlẹ́yin pupa máa bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń dì mí nírun, ọkọ̀ gẹdú gun òkè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Mo jókòó jẹ́ẹ́, mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mo kíyè sí i.

Láàárín ìgbà náà, Bàbá Olú fẹ́ ṣe ìdána ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó lọ ra adìyẹ ìbílẹ̀ fún ìnáwó náà, ó fi okùn di ẹsẹ̀ wọn, ó kó wọn wálé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìdána, ó ní kí ìyá mi kó wọn sínú ilé adìyẹ kí olè má jí wọn. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, abẹ́rẹ́ náà ò tíì dé, Agíríkì sì ní kí adìyẹ ìta má bá wọn pàdé. Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n sábẹ́ agbọ̀n ní ilé ìdáná, èmi fúnra mi ni màá máa ṣọ́ wọn." Bàbá Olú wò ó. Ó ní, "Ìyẹn ni pé adìyẹ tìrẹ ń gbé inú ilé búlọ́ọ̀kù, tèmi á máa gbé abẹ́ agbọ̀n, lórí ilẹ̀ bàbá mi?" Ìyá mi bojú wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní, "Gbà á, ìyàwó mi. Ọjọ́ díẹ̀ ni." Mo rí bí ìyá mi ṣe wà lórí eékún rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kan tí èèyàn lè sọ lórí ìkúnlẹ̀ tí á jẹ́ rárá, kò sì rí i. Yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ló kó wọn sí, ó fi pákó dí ojú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri àárín ò kan òrùlé, atẹ́gùn tí a tìtorí rẹ̀ wó ilé sì ń gba yàrá kan bọ́ sí èkejì gẹ́gẹ́ bí Agíríkì ṣe fẹ́.

Wọ́n jẹ adìyẹ ìbílẹ̀ náà ní ìdána. Ijó ni gbogbo wa jó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìdána, àwọn pupa dákẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Mo débẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú omi, n kò gbọ́ ìráhùn kankan. Wọ́n ká ara jọ, wọ́n ń mí pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, ìgbẹ́ wọn di àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Èyí tó bá fẹ́ wo iwájú á máa wo òkè, á pòòyì, á ṣubú, á tún gbìyànjú láti dìde. Dàpọ̀ gbé ọ̀kan mọ́ra, ó ń fi ọwọ́ tún ọrùn rẹ̀ ṣe, bó bá sì ti fi í sílẹ̀, á tún lọ́ padà. Agíríkì dé, kò tilẹ̀ wọlé. Ó dúró lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Kò sí oògùn tó ń wò ó, Màmá Fúnmi. Èyí tó ti kú àti èyí tó ń kú lọ, ẹ sun gbogbo wọn. Ìyẹ́ kan péré lè gbé e lọ bá adìyẹ ẹlòmíràn." Ìyá mi ní kó dúró mu omi. Ó ní rárá, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ, mo sì rí i pé omi ń dà lójú rẹ̀.

A ṣì ń gbẹ́ kòtò nígbà tí Bàbá Olú mú àwọn obìnrin oníbúkà méjì wá láti Ọ̀rẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó ṣì ń mí, ẹ dúńbú wọn kíákíá. Bí wọ́n bá ti dín in, ta ló máa mọ̀?" Ìyá mi wà nínú kòtò, ilẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò kúnlẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó ń jẹun ní Ọ̀rẹ̀, ọmọ èèyàn ni wọ́n, sà. Ẹni tó ra ẹyin lọ́wọ́ mi lánàá, mi ò ní ta òkú fún un lónìí." Bàbá Olú ní, "Ìwọ lo ni ín ni?" Ìyá mi jáde nínú kòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wá ní méjì méjì, ní ẹsẹ̀, àwọn mìíràn ṣì ń gbọn apá. Ó bu kẹrosíìnì sí i. Àwọn oníbúkà ti yí padà kó tó ṣáná sí i, ọ̀kan nínú wọn fi ìborùn bo ẹnu, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá." Òórùn ìyẹ́ tó ń jóná wọ aṣọ wa, wọ púpurú tó wà lórí àjà iná, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Àwọn àgbà ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà níwájú ilé. Bàbá Olú ò pariwo. Ó ní ilé tí àbúrò òun bẹ̀rẹ̀, òun fẹ́ parí rẹ̀ kí àwọn tíṣà tí ìjọba ń gbé wá lè máa gbé ibẹ̀. Ìyá mi ní ilé ọkọ òun ni, ilé àwọn ọmọ òun ni. Bàbá Olú ní, "Ilé tí o sọ di ilé adìyẹ? Ilé tí o fi ọwọ́ ara rẹ wó ògiri rẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò ọ́?" Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyàwó, òótọ́ ni, ìwọ lo wó o." Kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bó bá gbà láti jẹ́ ìyàwó Bàbá Olú, yàrá wà fún un, àwọn ọmọ ò sì ní fi ilé bàbá wọn sílẹ̀. Bí kò bá gbà, wọn ò lé e, ṣùgbọ́n kò sí yàrá fún un mọ́. Ìyá mi ní òun dúpẹ́. Ó wọlé lọ di ẹrù.

Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀ ní ilé ìdáná, kò ha púpurú, kò ṣe ohunkóhun. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ò sọ nǹkan kan lábẹ́ igi." Ìyá Àgbà ní, "Mo bí méjì. Ọ̀kan kú. Ọwọ́ èyí tó kù ni mo ti ń jẹun." Ó gbé ọwọ́ lé orí ìyá mi, ó gbé e lé tèmi, ó wá Dàpọ̀ kò rí i, torí pé Dàpọ̀ ti gun ọkọ̀. Ìgbà tí mo tún rí Ìyá Àgbà, wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún un, wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Yàrá kan ni ìyá mi gbà lẹ́yìn gáréèjì ní Ọ̀rẹ̀, ibẹ̀ la sì dàgbà sí. Ó padà sí ẹyin tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó ń gbé e sétí kó tó sè é, ó ń mì í wò. Kò sin adìyẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti tàn kálẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn sì ń wá bá a, láti Àgọ́ Aláyè, láti abúlé àwọn àjòjì tó ń dá kòkó nínú igbó. Á sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìgba nǹkan kan: ibi tí oòrùn gbọ́dọ̀ gbà, bí ògiri ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, pé kí abẹ́rẹ́ ti wà nílẹ̀ kí adìyẹ tó dé, pé funfun lójo, pé pupa fara balẹ̀. Mo ti di ìyàwó ilé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí obìnrin kan wá, ó kéré sí mi, oyún wà nínú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ adìyẹ ẹlẹ́yin ní Odìgbó, kí màmá gba òun nímọ̀ràn irú èyí tí òun yóò rà àti irú ilé tí òun yóò kọ́. Ìyá mi bu omi fún un. Ó ní, "Ilẹ̀ ta ni?"

Obìnrin náà ní, "Ilẹ̀ àwọn ọkọ mi ni, mà."

Ìyá mi fi aṣọ bo ẹyin tó wà níwájú rẹ̀, ó tún etí aṣọ náà ṣe yí ká. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ra tìbílẹ̀. Kí o sì hun àgò fún wọn, èyí tí ìwọ nìkan lè dá gbé rù lọ."